Òdòdó Ilá Nísàlẹ̀ Abọ́

Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, Sìkírátù Àlàó a máa jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀, a máa wo oko ilá ìyá rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ wá oko náà lọ, ẹ ò ní rí i. Ilé alájà méjì ti dúró sórí ebè àkọ́kọ́, ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì ti jókòó lé èkejì, ọ̀nà eléruku tí ìjọba ń ṣe lọ́dọọdún tí kì í parí ló sì gba àárín ìyókù kọjá. Ṣùgbọ́n ojú tó ń palẹ̀ mọ́ a máa ṣe bó ṣe wù ú. Sìkírátù á rí ìrì lórí ewé ilá, á rí òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, aláwọ̀ ìyeyè, tí ọkàn rẹ̀ pọ́n dúdú. Á rí ìyá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sáàárín ebè, tó ń kọrin tí kò ní ọ̀rọ̀. Bí ọlọ́kadà kan bá wá fọn fèrè lójijì, oko náà á ká ara rẹ̀ bí ẹní, yóò lọ.

Ó ti di ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì ti ṣókùnkùn; ihò kékeré kan ló kù láàárín tó fi ń ríran, bí ẹni ń yọjú wo yàrá láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Dókítà ojú kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní oògùn tí wọ́n ń kán sí i kò lè dá ohun tó ti lọ padà, ó kàn ń bẹ ìyókù kó má sáré ni, àti pé ihò náà yóò dí, bóyá kí ọyẹ́ tó dé, bóyá lẹ́yìn rẹ̀. Sìkírátù kò sunkún. Ó ní ohun tí òun kò tíì rí láyé kò pọ̀, àti pé púpọ̀ nínú èyí tí òun rí gan-an kò yẹ ní rírí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún, ó sì ń dùn ún gidi. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀kan nínú àwọn abọ́ tó kùn nígbà tó wà lọ́mọge, kí ihò náà tó dí. Ọ̀kan péré.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ abọ́ náà ṣe jẹ́. Nígbà tí Sìkírátù wà ní kékeré, inú ọkọ̀ ojú omi ni abọ́ tánganran ti ń wá, láti òkè òkun. Òmìnira dé, ìjọba ní ó tó gẹ́ẹ́: ẹni tó bá fẹ́ máa ta abọ́ fún wa, kó wá máa ṣe é lọ́dọ̀ wa. A ó fún un nílẹ̀ ní Ìkẹjà, a ó fa iná dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a ò sì ní gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Oníṣòwò tó gbọ́ pé ẹlòmíràn lè gba ìsọ̀ mọ́ òun lọ́wọ́, ṣé yóò dúró kí wọ́n ránṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì ni? Àwọn ará Hong Kong kan kó ìléru wọn sọ́kọ̀, wọ́n dé. Irin pẹlẹbẹ ń ti Japan bọ̀, ìyẹ̀fun àwọ̀ ń ti Yúróòpù bọ̀, àwọn ọ̀gá ń ti Hong Kong bọ̀, èrè sì ń bá ọ̀nà tí gbogbo wọn gbà wá padà lọ. Kí wá ni tiwa níbẹ̀? Òógùn ni tiwa, ọwọ́ sì ni tiwa. Mi ò ní kò dára o. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n fi owó iṣẹ́ yẹn kọ́, ilé tí Sìkírátù ń gbé yìí wà lára wọn. Mo kàn ní kí a sọ ọ́ bó ṣe rí ni.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí wọ́n gbà á sí Ilé Abọ́, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń pè é. Nígbà tó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ pé wọ́n á fi irin ṣe abọ́, wọ́n á rì í sínú omi funfun kan, wọ́n á wá fi iná sun ún, ìyá náà wò ó títí.

"Wọ́n ń fi iná sun abọ́? Kí labọ́ ṣe fún wọn?"

Yàrá àwọn tó ń kùn ún ni wọ́n fi Sìkírátù sí. Àwọn obìnrin jókòó ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n so ìborùn mọ́ imú nítorí ìyẹ̀fun àwọ̀, ìléru sì la ẹnu pupa rẹ̀ sílẹ̀ ní yàrá kejì. Ohun tí kò gbàgbé láé ni ohùn àwọn abọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde. Bí wọ́n bá ti ń tutù, wọ́n á máa dún tín-ín, tín-ín, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí àwọn ọmọ tí ìyá wọn ní kí wọ́n sùn tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ. Títí di òní, tó bá ń tòògbé lórí àga, ó máa ń gbọ́ wọn.

Òdòdó tí wọ́n ń kùn sínú abọ́ nígbà náà, Hong Kong ló ti wá. Òdòdó pupa ńlá kan ni, tí ewé rẹ̀ rọ́ lu ara wọn. Kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí lára àwọn obìnrin náà. Kábéèjì ni wọ́n ń pè é. Páànù pẹlẹbẹ kan tí wọ́n gé ihò sí ni wọ́n ń gbé lé abọ́, wọ́n á fọ́n àwọ̀ sí i, kábéèjì á jáde.

Lọ́jọ́ òjò kan, páànù náà ya. Òmíràn ń bọ̀ lójú omi, ṣùgbọ́n ojú omi jìnnà. Ọ̀gá wọn, Misita Lau, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń rìn bí ẹni tí nǹkan ń jóná lẹ́yìn rẹ̀, gbé abọ́ oníkábéèjì kan síwájú àwọn tí ọwọ́ wọn kì í gbọ̀n, ó ní kí wọ́n máa wò ó, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn irú rẹ̀ sínú àwọn yòókù. Sìkírátù wo kábéèjì náà lẹ́ẹ̀kan. Òjò ń rọ̀ sórí páànù ilé. Ó ń ronú nípa oko, pé ìyá òun á ti wà nínú òjò yìí, pé ilá á ti là. Ọkàn rẹ̀ lọ sóko, ọwọ́ rẹ̀ sì bá ọkàn lọ. Nígbà tó fi máa jí, wọ́n ti gbé odidi pẹpẹ abọ́ kan wọ inú ìléru, òdòdó ilá ló sì wà nínú gbogbo wọn. Ohun tí iná bá ti sun mọ́ abọ́, kò sí ẹni tó lè pa á rẹ́.

Misita Lau gbé ọ̀kan sókè.

"Sikira! Wetin be dis?"

"Òdòdó ni, sà."

"Which kain òdòdó?"

"Òdòdó ilá, sà." Ẹ̀rù bà á débi pé ó tún fi kún un: "Wọ́n máa ń fi èso rẹ̀ sebẹ̀, sà."

Ọkùnrin náà ní òdòdó ọbẹ̀ ni wọ́n wá fi ba abọ́ òun jẹ́. Ó ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, kí Sìkírátù máa lọ sílé. Wọ́n kó àwọn abọ́ náà sẹ́nu géètì, níbi tí wọ́n ti ń ta èyí tó bàjẹ́ ní ọ̀pọ̀, àwọn alábọ́ láti Òyìngbò sì kó wọn lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi padà dé. Wọn ò fẹ́ kábéèjì mọ́. Wọ́n ní àwọn ìyá tó ń ra ẹrù ìyàwó fún ọmọ wọn ti rí olódòdó ilá, wọ́n sì ní òun làwọn ń fẹ́. Ilá kún fún ọmọ nínú, àbí? Kí ló tún yẹ kó wà nínú abọ́ ìyàwó? Misita Lau, tí etí rẹ̀ kì í di sí ohùn ọjà, gbé àga Sìkírátù sún mọ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó ní kó máa kùn ún lọ. Kò tọrọ àforíjì, kò sì dúpẹ́. Ó kàn ń mú tíì wá fún un nígbà mìíràn, ó sì ń gbé e kalẹ̀ láìwo ojú rẹ̀.

Báyìí ló ṣe ń kùn ún. Ewé òdòdó àkọ́kọ́ wà lókè. Búrọ́ọ̀ṣì á yí sọ́tùn-ún, á mú èkejì, á mú ẹ̀kẹta nísàlẹ̀, á gba òsì gòkè fún ẹ̀kẹrin. Ẹ̀karùn-ún máa ń kéré. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àyè ló máa ń tán kó tó débẹ̀, bó ti wù kó wọ̀n ọ́n tó. Lẹ́yìn náà ló máa ń kán ọkàn òdòdó náà sí àárín. Àwọn obìnrin tí wọ́n ní kí wọ́n máa wo tirẹ̀ kùn máa ń ṣe tiwọn dọ́gbadọ́gba, ewé márààrún bákan náà, wọ́n sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́: "Sìkírá, ìwọ tó ni òdòdó ni kò mọ̀ ọ́n kùn." Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé bí wọ́n bá kó abọ́ ayé jọ, òun á mọ tòun.

Nígbà tó yá, ìjọba ṣọ́jà ní kí àwọn àjèjì ta ìpín nínú ilé iṣẹ́ wọn fún ọmọ onílẹ̀. Inú Sìkírátù dùn. Ó rò pé òun náà lọmọ onílẹ̀, ẹni tí wọ́n bí sí Ayọ̀bọ̀. Àṣé olówó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Olóyè kan tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ló di alága, ooru ìléru sì máa ń lé e jáde kó tó kí ènìyàn tán. Lẹ́yìn ìyẹn, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, irin pẹlẹbẹ di ọ̀wọ́n gógó, abọ́ rọ́bà dé, ó fúyẹ́, kì í sì í bó. Wọ́n pa ìléru náà. Misita Lau bọ gbogbo wọn lọ́wọ́, ó wo ojú Sìkírátù fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì padà sílé. Wọ́n ní ibi ìkẹ́rùsí ni ilé náà báyìí, kọ̀ǹtẹ́nà ni wọ́n ń já níbẹ̀. Kí ló wà nínú kọ̀ǹtẹ́nà? Abọ́ ni, láti òkè òkun. Ẹ ò rí ayé bí?

Kí ló wá dé tí Sìkírátù fi ń wá abọ́ tó kùn, bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù? Ó ní tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó fi wọ́n ṣe ẹrù ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, Fàdìlàt, tó ń gbé ní àdúgbò Command. Nígbà tí abọ́ onírin dídán dé, tí gbogbo ènìyàn ń tijú abọ́ àtijọ́, Fàdìlàt gbé tirẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri, ó fi gba igbá ìfọṣọ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá béèrè lọ́dún yìí, ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Màmá, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ kùn ún."

Òótọ́ ni. Kò sọ. Ta ló ń sọ irú ìyẹn fún ọmọ?

Susanna ló tú okùn ọ̀rọ̀ náà. Susanna jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ará Oǹdó, ayálégbé Sìkírátù, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní Ẹgbẹ́dá. Òun ló ń bá a kán oògùn sójú láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, bí ó ti gbé orí ìyá náà lé itan, Sìkírátù ń sọ ọ̀rọ̀ òdòdó rẹ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́, Susanna sì dá ọwọ́ dúró.

"Màmá, abọ́ ńlá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa o. Òun la fi ń bu ẹ̀wà sàráà fún àwọn ọmọdé. Òdòdó kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

Oògùn náà ṣàn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Sìkírátù. "Tíṣà, irú òdòdó wo?"

"Mi ò wò ó dáadáa rí. Òdòdó ṣá ni. Àwọn ọmọ á máa ní kí ara wọn jẹ ẹ́ dé òdòdó. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ rí i, òun ló máa gbàdúrà fún ẹni tó bá wù ú, gbogbo ìjọ á sì ṣe àmín."

"Ṣé pupa ni àbí yẹ́lò?"

"Màmá, mo ní mi ò wò ó jàre. Ọjọ́ Sátidé yìí ni sàráà. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Títí ọjọ́ náà fi pé, Sìkírátù kò lè jẹun tẹ́rùn. Ó lè jẹ́ kábéèjì. Ó lè jẹ́ òdòdó ilá tí ẹlòmíràn kùn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò burú, pé òdòdó ni òdòdó ń jẹ́, irọ́ ló sì ń pa.

Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ojú ọ̀nà bàjẹ́, wọ́n sì pẹ́. Láti inú ihò ojú rẹ̀, ayé ń wá lẹ́yọ lẹ́yọ: ìdajì àkọlé ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ kan tó ń yan àgbàdo, ẹsẹ̀ ọmọ kan nínú bàtà tó tóbi jù ú lọ. Láàárín ọ̀kan sí èkejì, òkùnkùn rírọ̀ ló wà, nínú òkùnkùn náà ló sì ti ń rí ebè ilá tó ń sáré tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́. Ó rò pé bóyá báyìí ni yóò ṣe rí nígbà tó bá dí tán. Kò burú púpọ̀. Ìyá òun wà níbẹ̀.

Ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ènìyàn bọ́ bàtà. Sìkírátù náà bọ́ tirẹ̀, bó ṣe ń bọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí. Aṣọ funfun ń lọ, ń bọ̀. Wọ́n mú un jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tí àwọn ọmọ jókòó yí ká. Abọ́ náà wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti bu ẹ̀wà kún un dé etí.

"Háà, a ti pẹ́," ni Susanna wí. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n ní kí wọ́n dà á sínú ìkòkò, kí ẹ wò ó kíá."

"Ẹ̀wà tí wọ́n ti bù fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́."

Wọ́n gbàdúrà sí i, àwọn ọmọ sì na ọwọ́. Ẹ wá wo bí ọmọdé ṣe ń jẹun tó bá mọ̀ pé nǹkan wà nísàlẹ̀! Etí abọ́ kọ́kọ́ yọ, funfun, ìlà búlúù yí i ká. Sìkírátù mọ ìlà yẹn. Obìnrin kan tó máa ń húkọ́ ló ń fà á ní ilé iṣẹ́. Ẹ̀wà ń lọ sílẹ̀, òjìji igi ń yí, ìmọ́lẹ̀ ń sún kúrò. Ẹ̀rù bà á pé ọjọ́ lè ṣú kí àwọn ọmọ tó yó. Ìgbà kan wà tí ó fẹ́ na ọwọ́ gbá gbogbo rẹ̀ dànù, kí ó rí ohun tó wá rí, kí ó máa lọ sílé. Ó di ọwọ́ méjèèjì mú láàárín itan.

"Òdòdó ti yọ!"

Ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Olúwadárasími ló pariwo, ẹ̀wà ní gbogbo àgbọ̀n rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù gbé ọwọ́ kúrò, bí àṣà wọn. Susanna di apá Sìkírátù mú, ìyá náà sì kúnlẹ̀ létí abọ́, ó tẹ orí ba.

Ihò ojú rẹ̀ kò lè gba òdòdó náà lẹ́ẹ̀kan. Ibi tó kọ́kọ́ bọ́ sí ni òkè. Ó fi àtàǹpàkò nu ẹ̀wà kúrò: yẹ́lò. Ó mí kanlẹ̀. Ó yí ojú sọ́tùn-ún díẹ̀díẹ̀, ó rí ewé kejì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó rí ẹ̀kẹta, tó ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gba òsì gòkè. Lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan ni òdòdó náà ń wá bá a, bó ṣe ń wá bá búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé nígbà náà, ọ̀nà kan náà, ọwọ́ kan náà. Ẹ̀kẹrin ga dáadáa. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó sún ojú sí ẹ̀karùn-ún.

Ó kéré.

"Èmi ni," ni ó wí. "Tíṣà, àyè tán. Ẹ wò ó, àyè ló tán!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọkàn òdòdó náà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dùn ún.

Susanna lọ bá àwọn àgbà ìjọ sọ̀rọ̀, ó sì padà kíá. "Màmá, wọ́n ní kí ẹ máa gbé e lọ. Wọ́n ní tiyín ni."

Sìkírátù gbé abọ́ náà lé itan. Ó tún fi ojú yí òdòdó náà ká lẹ́ẹ̀kan sí i, ewé kan lẹ́yìn ìkejì, láìkánjú. Ó wá gbé e padà sáàárín ẹní.

"Tí mo bá gbé e lọ sílé, ta ni yóò máa jẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀?"

Wọ́n ní kí Olúwadárasími gbàdúrà tirẹ̀, ta ló fẹ́ ṣe é fún? Ọmọ náà wo ìyá àgbà tó ń sunkún nítorí abọ́, ó fi ọwọ́ ẹlẹ́wà kàn án lórí ìborùn, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí Màmá yìí yó. Gbogbo wọn ṣe àmín. Àmín Sìkírátù ló ròkè jù.

"Ó dáa," ni ó wí, ó sì nu ojú rẹ̀ nù. "Ẹ tún bu ẹ̀wà sí i."

"Màmá, ẹ fẹ́ ká bò ó mọ́lẹ̀ padà?"

"Ẹ bò ó jàre. Mi ò jẹun nínú rẹ̀ rí láyé mi."

Wọ́n bu ẹ̀wà tó kù sí i. Sìkírátù fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sún mọ́ àwọn ọmọ náà, ó sì di ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó na ọwọ́ sínú abọ́ pẹ̀lú wọn, ó ń jẹ, ó sì ń fi etí sílẹ̀ de ọmọ tí yóò pariwo.